Wọ́n ní kí n yan: kí wọ́n gé e, kí wọ́n fi ìtànṣán sí i, àbí kí n máa ṣọ́ ọ?

Ìbéèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹni ọdún 58 ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé, iṣẹ́ mọkáníìkì ni mò ń ṣe. Ibì kankan kò dùn mí o. Àyẹ̀wò jẹjẹrẹ pròsítéètì ọ̀fẹ́ ni wọ́n ṣe fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, PSA mi, ìyẹn nǹkan pròsítéètì tí wọ́n ń wò nínú ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 11.4. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gé ẹran níbi 12, wọ́n rí jẹjẹrẹ nínú 4. Gleason, ìyẹn ìwọ̀n bí jẹjẹrẹ náà ṣe le tó, jẹ́ 3+4. Sìkáànì ní kò tíì jáde kúrò nínú pròsítéètì. Dókítà wá ní kí n lọ yan nínú mẹ́ta: kí wọ́n gé e kúrò, kí wọ́n fi ìtànṣán sí i, tàbí kí a máa ṣọ́ ọ. Ṣé aláìsàn ló ń yan ìtọ́jú fún ara rẹ̀ ni? Ẹ̀gbọ́n mi ní òdá ni wọ́n ń sọ gbogbo ẹni tó bá gbà fún wọn, ó ní kí n máa mu àgbo. Ìyàwó mi ti sunkún títí. Ká sọ tòótọ́, ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n kú ní ọkùnrin ju kí n wà láyé bí òdá. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, kí lẹ máa ṣe?

* * *

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ rẹ. Ẹni ọdún 69 ni mí, iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo ṣe ní Ṣómólú kí n tó fà á lé ọmọ mi lọ́wọ́. Ọdún 2016 ni wọ́n sọ fún èmi náà pé mo ní in. PSA mi jẹ́ 87 nígbà yẹn, ó sì ti dé eegun ẹ̀yìn àti ìbàdí kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí o lè rí i pé ọ̀nà jìn láàárín èmi àti ìwọ. Wọ́n gbé mẹ́ta síwájú rẹ. Wọn ò gbé ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú mi, torí ó ti kọjá ibẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtàn ara rẹ̀ yan fún ọ, títí kan èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ òdá ni kí a kọ́kọ́ yanjú, torí òun ló gbé ọ lọ́kàn jù. Pròsítéètì ọ̀dọ́mọkùnrin kò tóbi ju awùsá lọ. Abẹ́ àpò ìtọ̀ ló wà, ọ̀nà ìtọ̀ gba àárín rẹ̀ kọjá, ó sì ń ṣe lára omi tó ń bá àtọ̀ jáde. Ẹpọ̀n wà níbi tirẹ̀, òun ló ń ṣe testosterone tó ń fún wa ní irùngbọ̀n, ohùn àti ìfẹ́ obìnrin. Ẹni tí wọ́n bá yọ ẹpọ̀n rẹ̀, tàbí tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ pa iṣẹ́ ẹpọ̀n náà, òun ni ẹ̀gbọ́n rẹ ń pè ní òdá. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n kà fún ọ, kò sí èyí tó ní kí wọ́n fọwọ́ kan ẹpọ̀n rẹ. Wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ hòmóònù oṣù mélòó kan kún ìtànṣán, ìyẹn sì máa ń kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà tó bá yá.

Mi ò ní tàn ọ́ ṣá. Bí wọ́n bá gé pròsítéètì kúrò, àtọ̀ ò ní jáde mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé adùn rẹ̀ ṣì wà. Àwọn iṣan tó ń mú kí nǹkan ọkùnrin le sì gba ẹ̀gbẹ́ pròsítéètì kọjá. Bí ọ̀bẹ bá kàn wọ́n, ó lè má le bíi ti tẹ́lẹ̀. Tàwọn kan ń padà láàárín ọdún kan sí méjì, àwọn kan ń lo sildenafil, oògùn tó ń mú un le, tàwọn mìíràn ò padà. (Ẹni tó bá ń lo oògùn nitrate fún àyà kò gbọdọ̀ fẹnu kan sildenafil.) Bí ẹ bá ṣì fẹ́ bímọ, sọ ọ́ fún dókítà kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun.

* * *

Ẹnì kan tó ka ìbéèrè yìí ní Gleason 3+4 jẹ́ 7, 4+3 náà jẹ́ 7, kí ni a wá ń pariwo lé?

Ìyàtọ̀ wà, ó sì pọ̀. Ẹni tó ń wo ẹran náà lábẹ́ máíkírósíkóòpù ló ń kọ nọ́ńbà méjèèjì. Àkọ́kọ́ ni irú tó pọ̀ jù níbẹ̀, èkejì ló tẹ̀ lé e. Irú 3 ń rọra rìn, irú 4 yára jù ú lọ. Nínú 3+4, oníwọ̀ntúnwọ̀nsì ló pọ̀. Yí i padà sí 4+3, ọ̀rọ̀ ti yí. Lónìí, 6 ni ìwọ̀n tó kéré jù tí wọ́n ń pè ní jẹjẹrẹ, 10 sì ni òpin. Nítorí náà, àbúrò mi, kí o tó yan ohunkóhun, gba bulọ́ọ̀kù ìda tí ẹran rẹ wà nínú rẹ̀ àti gíláàsì tí wọ́n tò ó lé, kí oníṣẹ́ mìíràn tún un kà. Má tijú láti béèrè fún un. Mo mọ ẹnì kan tí wọ́n kọ 6 fún, tí ẹlòmíràn sì ka tirẹ̀ sí 8.

Sí ẹni tó ní irọ́ ni jẹjẹrẹ tí wọ́n ní ó wà lára òun, torí ìtọ̀ òun ń já geere: ẹ̀gbẹ́ ìta pròsítéètì ni jẹjẹrẹ yìí sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà ìtọ̀ sì wà láàárín. Ó lè pẹ́ níbẹ̀ kó tó dí ohunkóhun. Èmi náà ń tọ̀ dáadáa. Eegun ẹ̀yìn ni mo lọ fi han dókítà.

PSA nìkan kì í sì í dájọ́. Pròsítéètì tó kàn wú, kòkòrò àrùn, rọ́bà tí wọ́n fi fa ìtọ̀, títí kan ìbálòpọ̀ àná, gbogbo wọn lè gbé e sókè. Finasteride tí àwọn àgbà ń mu fún ìtọ̀ á gé e sí ìdajì, á sì fi ọkàn ẹni balẹ̀ lórí irọ́. Bí o bá ń mu ún, sọ fún wọn.

* * *

Ẹni mẹ́ta ló ti bínú sí ọ̀rọ̀ ṣíṣọ́ yìí. Ọ̀kan ní, “Ejò wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ ní ká máa ṣọ́ ọ?”

Mo mọ ohun tó ń bí i nínú. Ṣùgbọ́n nínú jẹjẹrẹ yìí, èyí tó jẹ́ ejò wà, èyí tó jẹ́ ìgbín náà wà. Ìgbín a máa gbé lára ọkùnrin títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ á fi dé, ohun mìíràn ni yóò sì gbé e lọ. Ní Bìrìtéènì, nínú ìwádìí ProtecT, wọ́n pín ọkùnrin 1,643 tí tiwọn ò tíì jáde kúrò nínú pròsítéètì sí ọ̀nà mẹ́ta tí wọ́n kà fún àbúrò wa yìí gan-an. Èsì ọdún 15 jáde ní 2023. Nínú 100, bíi 3 ni jẹjẹrẹ náà pa, ọ̀nà yòówù kí wọ́n tọ̀. Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé ẹni tó dá ṣíṣọ́ lábàá kò fẹ́ pa ọ́.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ka ìyókù. Lára àwọn tí wọ́n ń ṣọ́, ó tàn lọ sí ibòmíràn lára bíi 9 nínú 100. Lára àwọn tó gba iṣẹ́ abẹ tàbí ìtànṣán, ó jẹ́ bíi 5. Ó lé ní 60 nínú 100 àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ tó padà gba ọ̀kan nínú ìtọ́jú méjèèjì. Aláwọ̀ funfun ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn. Mi ò lè mú èsì wọn gbé lé àwa lórí bẹ́ẹ̀ kí n sùn.

Ohun tó tún ń dùn mí níbẹ̀ ni pé ṣíṣọ́ ń náni lówó. PSA lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, ní làbù kan náà, torí làbù méjì kì í sábà fúnni ní nọ́ńbà kan náà. Sìkáànì MRI láti ìgbà dé ìgbà. Kí wọ́n tún fi abẹ́rẹ́ gé ẹran. Ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ilé-ìwé ọmọ á dé, owó ilé á dé, ọdún méjì á kọjá. Ẹni tí kò bá lè ṣọ́ ọ ní tòótọ́, kó má pè é ní ṣíṣọ́.

* * *

Gígé àbí ìtànṣán? Orí bẹ́ǹṣì kíníìkì ni mo ti mọ àwọn ọ̀rẹ́ méjì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn.

Ọ̀kan gé e. Wọ́n fi rọ́bà sí i fún ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà tí wọ́n yọ ọ́, ìtọ̀ ń kán láìgbàṣẹ. Oṣù mẹ́rin gbáko ló fi lo pámpásì, tó ń wọ sòkòtò dúdú lọ sí gbogbo ibi. Nọ́ọ̀sì kan ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fún iṣan ìsàlẹ̀ pọ̀, bí ẹni tó fẹ́ dá ìtọ̀ dúró láàárín: kí o ka 1 dé 10, kí o tú u, kí o tún un ṣe, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Ó ní kí n sọ fún yín pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó gé yín, ẹ má dúró dìgbà tó bá ń kán.

Èkejì gba ìtànṣán. Kò dùn ún nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ìyàgbẹ́ ló ń dà á láàmú, ó ń sáré lọ sí ilé ìgbẹ́ lóòru, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì yọ nínú ìgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan. Èyí tó bà á nínú jẹ́ jù ni pé ẹ̀rọ ọsibítù tó ti bẹ̀rẹ̀ bàjẹ́ láàárín ìtọ́jú, wọ́n sì ní kó lọ máa retí. Ìtànṣán ò fẹ́ àlàfo bẹ́ẹ̀. Kí o tó san kọ́bọ̀, béèrè: ẹ̀ẹ̀melòó ni màá wá, ìgbà wo ni ẹ̀rọ yín bàjẹ́ kẹ́yìn, ibo lẹ máa gbé mi lọ bó bá tún bàjẹ́? Tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógójì sí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń lọ, lójoojúmọ́ iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ibi ti ń ṣe é ní 20, torí ìwádìí CHHiP ti 2016 fi hàn pé 20 náà ń ṣiṣẹ́. Fún ẹni tó ń ti Ìbàdàn wọkọ̀ lọ sí ibùdó NSIA-LUTH ní Ìdí-Àràbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2019, owó yàrá àti owó ọkọ̀ nìyẹn.

* * *

Ìyá kan kọ̀wé pé ọkọ òun jẹ́ ẹni ọdún 71, ó ti dé eegun rẹ̀, wọ́n ní kó yan abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta-mẹ́ta tàbí kí wọ́n yọ ẹpọ̀n. Bàbá kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní àwọn ò ní lọ bá àwọn baba àwọn lọ́run láìpé.

Ìyá wa, ẹ bá mi kí bàbá. Ojú ọ̀nà tí wọ́n dúró sí yìí ni mo ti rìn.

Testosterone ni oúnjẹ jẹjẹrẹ yìí. Láti 1941 ni Charles Huggins ti fi hàn l'Amẹ́ríkà pé bí ẹpọ̀n bá dákẹ́, ó máa ń sùn. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1966. Èmi mú abẹ́rẹ́. Goserelin ni. Ó ki ju abẹ́rẹ́ tí a mọ̀ lọ, awọ ikùn nísàlẹ̀ ìdodo ni wọ́n ń gún un sí, ohun tó sì ń fi síbẹ̀ kò ju hóró ìrẹsì lọ. Hóró yẹn á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12. PSA mi ti 87 wálẹ̀ sí 1.2. Mo tún ń gbé rímù pépà.

Lọ́dún 2018, iṣẹ́ dẹ̀, abẹ́rẹ́ kan sì ju owó tí mò ń rí lóṣù lọ. Mo fo ọ̀kan. Mo fo èkejì. Mi ò sọ fún ìyàwó mi. Ní ọjọ́ tó yẹ kí n gbà á, màá wẹ̀, màá wọ bùbá, màá gbé fáìlì ọsibítù dání, màá lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi ní Bárígà títí ọ̀sán á fi pọ́n, lẹ́yìn náà màá padà sílé. Ìyàwó mi máa ń gbé omi gbígbóná kalẹ̀ dè mí kí n fi tẹ ojú abẹ́rẹ́. Mo sì ń fi aṣọ gbígbóná yẹn tẹ ikùn tí wọn ò gún. Oṣù kọkànlá, mi ò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. PSA ti di 54.

Dókítà ò bú mi. Ó ní bí mi ò bá lè máa ra abẹ́rẹ́ láìfo, iṣẹ́ abẹ kékeré kan wà, wọ́n á pa ìsàlẹ̀ lára, mo lè lọ sílé lọ́jọ́ kejì, testosterone á sì wálẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ní àwọn lè yọ ohun inú ẹpọ̀n kí àwọn fi èèpo rẹ̀ sílẹ̀, kí kórópọ̀n má ṣófo. Ẹ sọ ìyẹn fún bàbá, ìyá wa. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni kò mọ̀ pé ó ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún ìyàwó mi, mo rò pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ ni yóò pa á lẹ́kún. Kò sunkún. Ó ní, “O jẹ́ kí n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí abẹ́rẹ́ tí o kò gbà.” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ọ̀bẹ lọ, títí di òní.

Ohun tó ń tẹ̀ lé e nìyí, mi ò ní bò ó. Ooru á kàn dédé gbé ọ láti àyà lọ sí orí, ní àárín òru, ní àárín ìsìn. Orí táìlì ni mo ń sùn ní oṣù àkọ́kọ́. Ìfẹ́ obìnrin lọ. Ọmú máa ń ro èmi. Ikùn yọ, iṣan ẹsẹ̀ rọ̀, eegun sì lè fúyẹ́, ìyẹn ni mo fi ń rìn wákàtí kan ní òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: gbogbo rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ náà ń ṣe. Ẹni tó gba abẹ́rẹ́ tó ní òun ò ṣe bíi ti ẹni tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá, òun àti ẹni yẹn wà ní ipò kan náà níwọ̀n ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá fi ń ṣiṣẹ́. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé abẹ́rẹ́ ṣeé dá dúró, owó rẹ̀ kì í sì í dúró. Bí bàbá bá ní ọmọ tó lè rà á láìfo ọ̀kan, kí wọ́n gba abẹ́rẹ́. Bí kò bá sí, kí wọ́n má ṣe ohun tí mo ṣe.

Mo sì bẹ̀ yín, ẹ béèrè bóyá kí wọ́n fi nǹkan kún un láti ìbẹ̀rẹ̀, bíi abiraterone tó jẹ́ oògùn oníhóró, tàbí docetaxel tó jẹ́ kẹ́mò. Ìwádìí láti 2015 síwájú ti fi hàn pé ẹni tó ti dé eegun rẹ̀ ń pẹ́ láyé sí i bí wọ́n bá fi kún un, ju hòmóònù nìkan lọ. Abiraterone ni èmi ń lò láti 2022, pẹ̀lú prednisolone. Hóró mẹ́rin lóòjọ́ kí n tó jẹun ni wọ́n kọ sára páálí, owó rẹ̀ sì wúwo. Wọ́n dán an wò lára ọkùnrin 72, èsì jáde ní 2018: hóró kan pẹ̀lú oúnjẹ òwúrọ̀ tí kò lọ́ràá fa PSA wálẹ̀ bíi mẹ́rin láìjẹun. Dókítà mi ló fún mi bẹ́ẹ̀, tó ń wo ẹ̀jẹ̀ mi àti ìfúnpá mi. Ẹ má dá a ṣe nílé o. Hóró mẹ́rin pẹ̀lú oúnjẹ ti pọ̀ jù nínú ara.

* * *

Ẹni tó ń ta àgbo, mo ti ka tìrẹ náà. Mi ò bú ewé. Ewé ni ìyá mi fi wò mí nígbà ibà. Ṣùgbọ́n o ní ẹni mẹ́fà mu tìrẹ, PSA wọn wálẹ̀. Jẹ́ kí n sọ ìtàn PC-SPES fún ọ. Egbòogi ni, wọ́n ń tà á l'Amẹ́ríkà, PSA ń wálẹ̀ lóòótọ́, àwọn èèyàn ń yọ̀. Nígbà tí wọ́n tú u wò ní làbù, wọ́n bá hòmóònù tí wọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́ nínú rẹ̀, wọ́n sì bá warfarin tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Wọ́n kó o kúrò lórí àtẹ ní 2002. Nítorí náà, bí PSA ẹnì kan bá wálẹ̀ lórí àgbo rẹ, ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ ni ohun tó wà nínú ìgò. Ọ̀rẹ́ mi kan fi oṣù méje mu ìgò aláìlórúkọ. Ọsibítù tó yẹ kó ti lọ ní January, August ni wọ́n gbé e dé.

* * *

Ọmọ mi tó wà ní London, o ṣe dáadáa tó o béèrè bóyá kí àwọn àbúrò rẹ ọkùnrin lọ ṣe àyẹ̀wò jẹjẹrẹ pròsítéètì. Ní Bìrìtéènì, ọkùnrin dúdú 1 nínú 4 ni wọ́n á sọ fún pé ó ní in láyé rẹ̀. Tàwọn aláwọ̀ funfun jẹ́ 1 nínú 8. Bàbá yín sì ti ní in. Kí wọ́n lọ bá GP wọn, ìyẹn dókítà àdúgbò, láti ọdún 45, kí wọ́n má dúró de 50. Bí jẹjẹrẹ ọmú bá wà lára àwọn obìnrin ìdílé yín, sọ ọ́ pẹ̀lú, torí àbùkù àjogúnbá tí wọ́n ń pè ní BRCA2, tó lè fa méjèèjì, ń gba ọ̀dọ̀ ìyá dé ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin.

Má jẹ́ kí bàbá fi pa mọ́ fún wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká jáde ní 2014, ní ẹni ọdún 80, ó sọ pé òun ní in, òun sì ti gba ìtọ́jú. Bíṣọ́ọ̀bù Desmond Tutu gbọ́ tirẹ̀ ní 1997, ó wà láyé títí di 2021.

* * *

Sí ẹni tó kọ̀wé ní aago 11 alẹ́ pé ẹsẹ̀ bàbá òun ń kú tipiri láti àná, tí wọn ò sì lè tọ̀: ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù ńlá NÍSINSÌNYÍ. Ẹ má dúró de ọjọ́ kíníìkì, ẹ má wá oníṣègùn eegun. Bí jẹjẹrẹ inú eegun ẹ̀yìn bá tẹ okùn ọpa ẹ̀yìn, wákàtí ni wọ́n fi ń ka ìgbà tí ẹsẹ̀ ṣì lè padà. Ẹ sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé ó ní jẹjẹrẹ pròsítéètì.

* * *

Àbúrò mi mọkáníìkì, o ní mo ti sọ ọ̀rọ̀ gbogbo èèyàn tán, mi ò tíì sọ ohun tí màá ṣe.

Bí mo bá jẹ́ ẹni ọdún 58 tí ìwé mi rí bíi tìrẹ, mi ò ní ṣọ́ ọ. PSA rẹ ti ju 10, ibi mẹ́rin ni wọ́n ti rí i, ọdún tó kù fún ọ láyé pọ̀, ìgbín náà lè yára rìn. Màá ní kí wọ́n tún gíláàsì ka. Bí ó bá ṣì jẹ́ 3+4, màá ní kí wọ́n gé e, lọ́wọ́ oníṣẹ́ abẹ tó ń ṣe irú rẹ̀ léraléra. Bi í pé mélòó ló ṣe lọ́dún tó kọjá, kò ní bínú. Ìdí tí mo fi mú gígé ni pé bí PSA bá tún yọjú lẹ́yìn rẹ̀, ìtànṣán ṣì wà nílẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ gba ìtànṣán, ó ṣòro kí wọ́n tó padà gé e. Ẹlòmíràn tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára fún iṣẹ́ abẹ á mú ìtànṣán, kò sì ní ṣìnà.

Má gbé ẹ́ńjìnnì tàbí jáàkì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Wá ọmọṣẹ́ tí yóò máa dúró fún ọ láti ìsinsìnyí. Bí ó bá di ọjọ́ tí wọ́n dá fún ọ, mú ìyàwó rẹ wọlé sọ́dọ̀ dókítà, má fi í sílẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì. Kí ó gbọ́ ohun tí o gbọ́. Kọ ohun tí wọ́n bá sọ fún mi, màá dáhùn.